Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló fi ń nà wá ní Tánkẹ̀

Sátidé tó kọjá òjò rọ̀ ní Tánkẹ̀ ní Ìlọrin níbí débi pé ojú títì di odò, iná ò sí, kò sì sí oníbàárà tó máa tìtorí fọ́tòkọ́pì rìn nínú irú òjò yẹn, ni mo bá fa àga mi sẹ́yìn àbúrò mi, mo ń yọjú wo fóònù ẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀sì ló ń ta. Ẹni tí wọ́n jọ ń ta, FM wà níwájú orúkọ ẹ̀, ìyẹn ni pé FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, ti fi oyè dá a lọ́lá, kì í ṣe ẹni tó kàn jí lánàá tó da áàpù sórí fóònù. Aago ọkùnrin yẹn ku sẹ́kọ́ńdì 41, ti àbúrò mi ku 11. Mo ní, "Èyí ti tán." Kò dá mi lóhùn. Ó sún ọba ẹ̀ síwájú ẹ̀ẹ̀kan, ó tún un sún, ó gbé rúùkù bọ́ sẹ́yìn pọ́ọ̀nù ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń ṣe bí ẹni tó ń ka owó tó ti mọ iye ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Sẹ́kọ́ńdì méjì ni wọ́n ń fi kún aago lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kàkà kí tiẹ̀ máa lọ sílẹ̀ ṣe ló ń gòkè, 11, 12, 13, ti ọkùnrin yẹn ló ń yọ́ bí òrí tí wọ́n gbàgbé sóòrùn. Nígbà tó yá ọkùnrin náà juwọ́ sílẹ̀. Àbúrò mi dìde, ó na ara, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, òjò ti fẹ́ dá, ṣé kí n lọ ra ẹ̀wà wá?"

Ẹ̀wà ló wà lọ́kàn tiẹ̀ o. Èmi ni mi ò gbàgbé.

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ èyí ni pé gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi tó sì bá a níbi tó ti ń ta, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ: "Há, ọwọ́ ọmọ yìí mà yá o!" Ọwọ́ ẹ̀ ò yá. Èmi tí mò ń bá a gbé ni mò ń sọ fún yín. Tó bá jẹ́ ti ká yá lọ́wọ́, èmi ni kí wọ́n yìn, torí iṣẹ́ táípù ni mò ń ṣe jẹun. Nǹkan mìíràn ló ń ṣẹlẹ̀ lórí pátákó yẹn, ó sì gbà mí tó ọdún méjì kí n tó mọ̀ ọ́n.

Ọmọ àǹtí mi ni, ṣùgbọ́n nílé tiwa a kì í pín in sí ọmọ àǹtí ọmọ bùrọ̀dá, àbúrò ni. Ọ̀fà ni wá. Iléyá ọdún kan báyìí tá a lọ sílé ni mo kọ́ ọ ní ṣẹ́ẹ̀sì, lórí pátákó kan tí bíṣọ́ọ̀bù dúdú kan ti sọnù lára ẹ̀, kọ́ọ̀kì mínírà la fi rọ́pò ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn mo fi ohun tí gbogbo bọ̀ọ̀dá fi ń rẹ́ ọmọdé jẹ nà án: pọ́ọ̀nù sí e4 (lẹ́tà àti nọ́ńbà yìí, orúkọ ojú ilé lórí pátákó ni), kúìnì sí h5, bíṣọ́ọ̀bù sí c4, kúìnì tún bọ́ sí f7, ó jẹ ẹ́, méètì, ọba ẹ̀ ò ríbi sá sí mọ́. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá bú sẹ́kún! Mo rò pé ó ti tán síbẹ̀ ni, àmọ́ ìjakadì lorò Ọ̀fà, ẹni tí wọ́n bá dá mọ́lẹ̀ lónìí á gbọn yẹ̀pẹ̀ nù ni á tún padà wá. Lọ́jọ́ kejì ó ti wá ọ̀nà tó máa fi dí i, lọ́jọ́ kẹta òun ló ń fi na àwọn ọmọ àdúgbò, tí màmá ẹ̀ ń pariwo pé ẹran ń jóná lórí iná.

Ìgbà tó wọ pólì tó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìlọrin ló di ti orí fóònù. Mo da Lichess, áàpù ṣẹ́ẹ̀sì kan, sí i fún un torí pé kì í jẹ dátà, kò sí ìpolówó, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni, Stockfish, ẹ̀rọ tó máa bá ẹ tú géèmù ẹ wò lẹ́yìn tó o bá ta á tán gan-an, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Thibault Duplessis ló dá a sílẹ̀ ní 2010, Ọlọ́run á bá wa san án fún un. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, 1500 ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀ rating ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bó o ṣe mọ̀ ọ́n ta tó, tèmi ò jìnnà sí i, ti àbúrò mi láàárín ọ̀sẹ̀ kan ti já sí 1180. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an. Ká ní mo mọ ohun tó ń bọ̀ ni, mi ò bá ti pa ẹnu mi mọ́.

Géèmù ìṣẹ́jú kan ló kọ́kọ́ bà á jẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní bullet. Ìṣẹ́jú kan fún ìwọ, ìṣẹ́jú kan fún ẹnìkejì, kò sí àfikún, ẹni tí aago ẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ti lọ nìyẹn, ì báà jẹ́ pé kúìnì mẹ́ta ló ní lórí pátákó. Kúlíkúlí ni, tó o bá ti jẹ ọ̀kan ọwọ́ ẹ ò ní kúrò nínú ọ̀rá mọ́. Ó wá kó oríṣiríṣi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ jọ. Ọ̀kan tó fẹ́ràn jù nìyí, mo sì gbà pé ó dùn: premove wà, ìyẹn ni pé o lè ti sọ fún fóònù ohun tó o fẹ́ sún kí ẹnìkejì tó sún tiẹ̀, tó bá ti sún báyìí tìẹ náà á fò jáde, lórí Lichess kì í ná ẹ ní nǹkan kan, lórí Chess.com wọ́n máa yọ ìdámẹ́wàá sẹ́kọ́ńdì. Àwọn tó ń gbá dúdú wá máa ń ti pọ́ọ̀nù g6 àti bíṣọ́ọ̀bù g7 sílẹ̀ láìwojú ẹnikẹ́ni. Àbúrò mi á sún pọ́ọ̀nù b3, wọ́n á sún g6, á gbé bíṣọ́ọ̀bù sí b2, èyí tó ti ń wo rúùkù wọn ní kọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, premove wọn á gbé bíṣọ́ọ̀bù wá sí g7 fúnra ẹ̀, á kàn jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, rúùkù náà sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Á wá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú ẹ̀.

Tí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ò bá ṣiṣẹ́, aago ló kù. Wọ́n á ti jẹ kúìnì ẹ̀, wọ́n á ti jẹ rúùkù ẹ̀, á ku ọba àti pọ́ọ̀nù méjì tó ń sá kiri bí adìyẹ tí wọ́n fẹ́ pa, àmọ́ ẹnìkejì ku sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta, òun ku mẹ́fà, ó jẹ. Mo sọ ọ́ ní Olè Aago. Inú ẹ̀ dùn sí orúkọ yẹn! Tó bá tún wọ ìdíje arena wọn, á tẹ berserk, ìyẹn ni pé ó yọ̀ǹda kí wọ́n gé aago ẹ̀ sí méjì kó lè gba máàkì kan lé e tó bá jẹ, torí kí àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù lè rí i. Báyìí ló ṣe gun 1900. Ó wá dúró síbẹ̀. Ọdún kan àti oṣù bíi mélòó kan, 1900 lókè 1900 nílẹ̀, bí ọkọ̀ tí táyà ẹ̀ ń yí nínú ẹrẹ̀.

Ramadan kan wà tí mo jí láti wá nǹkan jẹ fún sààrì, mo bá a nínú òkùnkùn, iná fóònù ló tan sí i lójú, kò tíì sùn rárá. Láti ẹ̀yìn aṣámù ló ti ń ta. Ó ti pàdánù tó 200 nínú rating ẹ̀ lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, ó ní òun ò lè sùn títí òun fi máa gbà á padà. Mo gba fóònù. Ó ní "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀kan péré." Ẹ mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ báyẹn. Mo ti rí àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn gẹ́lẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

Èmi wá bá a fa ọ̀rọ̀ kan, kì í ṣe torí pé mo gbọ́n, ṣe ni ìyà àjẹkúdórógbó sú mi. Mo ní ká ta mẹ́wàá, àmọ́ kì í ṣe ìṣẹ́jú kan mọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta pẹ̀lú sẹ́kọ́ńdì méjì àfikún, 3+2 tí wọ́n ń wí, ẹni tó bá pàdánù ló máa ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní 3+2 ti pẹ́ jù, ti àwọn bàbá arúgbó ni. Mo ní ìdíje blitz àgbáyé, ìyẹn ti géèmù kíákíá, tí FIDE ń ṣe, 3+2 ni wọ́n ń ta á, ṣé Magnus Carlsen tó jẹ́ ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé náà bàbá arúgbó ni? Ló bá jókòó. Mo jẹ mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Èmi o! Èmi tí rating mi ò tó 1600!

Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ò le. Sẹ́kọ́ńdì méjì yẹn ti mú un lọ́wọ́ bí ìgbà tí wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ alápatà. Aago mi ò tán mọ́. Tó bá ti kó sí wàhálà, ó ti kó sí i nìyẹn, kò sí ibi tó máa sá sí. Èyí tó wá burú jù ni àwọn tó yẹ kó jẹ tí ò lè jẹ. Ọ̀kan wà tó ní rúùkù kan àti pọ́ọ̀nù kan tó ku ìgbésẹ̀ kan kó di kúìnì, èmi rúùkù nìkan ló kù mí kù. Ọba ẹ̀ wà níwájú pọ́ọ̀nù náà gan-an, ó há síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́, tó bá ti yọjú màá fi rúùkù fún un ní ṣẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ni pé mo kọjú ìjà sí ọba ẹ̀, á sá padà wọlé. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn títí ó fi di ọ̀mì. Ọmọ tó ń na àwọn tó ju 1900 lọ, kò mọ bí wọ́n ṣe ń jáde nínú balùwẹ̀.

Ojútùú ẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Wàá fi rúùkù ẹ lé ọba ẹnìkejì jìnnà sí i, wàá wá gbé rúùkù náà dúró sí ìlà kẹrin, wàá jẹ́ kí ọba ẹ jáde kó máa gba ṣẹ́ẹ̀kì bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó bá dé ìlà karùn-ún rúùkù ẹ á kàn bọ́ sáàárín, ó dí i, ṣẹ́ẹ̀kì tán. Kíkọ́ afárá ni wọ́n ń pè é. Lucena lorúkọ ipò yẹn fúnra ẹ̀, orúkọ ará Sípéènì kan tó tẹ ìwé ṣẹ́ẹ̀sì jáde ní 1497. Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ipò náà ò sí nínú ìwé ọkùnrin yẹn rárá, inú ìwé ẹlòmíràn, Salvio, ní 1634 ló wà. Bí àwọn tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Alhaji tí wọn ò fojú kan Mẹ́kà rí. A mọ̀ wọ́n ní Ìlọrin níbí, ẹ má jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Ó ra ẹ̀wà fún ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọjọ́ yẹn ló ti pa bullet tì, kò ṣe ìlérí fún ẹnikẹ́ni, kò sì sọ ọ́ síta. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ nírọ̀lẹ́, á gbé pátákó onígi yẹn (a ti ra bíṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀kì yẹn ṣì wà nínú àpótí ẹ̀), á to rúùkù, á to pọ́ọ̀nù, á kọ́ afárá yẹn lápá ọ̀tún, á tún kọ́ ọ lápá òsì, á gbé dúdú á gbé funfun. Lẹ́yìn èyí ó bọ́ sórí ti ọba àti pọ́ọ̀nù nìkan, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó yẹ kó sún nígbà yẹn gan-an ló ń pàdánù. Ó sú mi láti máa wò ó. Oṣù mẹ́ta, rating ò gòkè, ó tiẹ̀ lọ sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní ó ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣí mi lójú. Mo ti kà á níbì kan pé ní 1973, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Chase àti Simon, to ṣẹ́ẹ̀sì látinú géèmù gidi, wọ́n fi han àwọn ènìyàn fún sẹ́kọ́ńdì márùn-ún, wọ́n bò ó, wọ́n ní kí wọ́n tò ó padà. Ọ̀gá tò ó ju ọ̀pẹ lọ, ìyẹn ò yani lẹ́nu. Àmọ́ nígbà tí wọ́n da àwọn ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì náà rú bó ṣe wù wọ́n, ọ̀gá àti ọ̀pẹ wá di ọgbọọgba. Mo ní màá dán an wò. Mo to ipò kan látorí fóònù, ọmọ mẹ́rìnlélógún ló wà lórí pátákó, mo kà dé márùn-ún, mo fi Ankara bò ó. Àbúrò mi tò ó padà, méjì péré ló ṣì. Èmi to méje. Mo wá pe ọmọ ìyá aláàkàrà tí ò mọ ṣẹ́ẹ̀sì rárá, mo ní kó kàn fọ́n wọn ká bó ṣe fẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí àbúrò mi to mẹ́fà, èmi to márùn-ún! Inú mi dùn débi pé mo lu tábìlì. Òun ò rẹ́rìn-ín, inú ń bí i, ó ń nawọ́ sí pátákó yẹn, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ kọ́ lèyí, ariwo ni."

Mo ronú lórí gbólóhùn yẹn títí. Ohun tí èmi ń rí lórí pátákó, lẹ́tà ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mò ń kà wọ́n. Òun ń ka ọ̀rọ̀. Ìdí tí sẹ́kọ́ńdì 11 fi tó o nìyẹn. Mo sì wá rántí bàbá wa àgbà ní Ọ̀fà, ọ̀ta ayò ni wọ́n, ihò 12, ọmọ ayò 48, wọ́n á máa ta á bí ẹni pé wọn ò tiẹ̀ wò ó, ẹnu wọn ò ní dákẹ́, wọ́n á máa bú ọ̀pẹ tó jókòó níwájú wọn, wọ́n á máa kí ẹni tó ń kọjá lọ, ọwọ́ wọn á sì máa já gbà, gbà, gbà nínú ihò. A rò pé ọwọ́ wọn ló yá. Bàbá ti ka odù yẹn tán kí ìwọ tó jókòó.

Báwo ló ṣe wá ń ta báyìí? Tó bá gbá funfun, ọ̀nà tó fi ń bẹ̀rẹ̀ géèmù ni wọ́n ń pè ní London: pọ́ọ̀nù d4, bíṣọ́ọ̀bù f4, e3, c3, ẹṣin méjèèjì bọ́ síta, ohun tó wù kí dúdú ṣe. Àwọn tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì ń bú London pé ó gbẹ bí ẹ̀bà àná, mo wà lára wọn tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ìgbésẹ̀ mẹ́wàá àkọ́kọ́ kì í gbà á ju sẹ́kọ́ńdì mẹ́jọ lọ, ẹnìkejì ti ń fi ogójì ronú. Tó bá gbá dúdú, ọ̀nà ìbẹ̀rẹ̀ mìíràn tó ń jẹ́ Caro-Kann ni, pọ́ọ̀nù c6. Ibẹ̀ ló ti jẹ ìyà kan náà tó ìgbà ogún: funfun á ti pọ́ọ̀nù e5, òun á gbé bíṣọ́ọ̀bù jáde sí f5, funfun á sún h4, òun á sún e6 bí ẹni tí ò rí nǹkan kan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í lé bíṣọ́ọ̀bù náà, g4, ó sá lọ e4, f3, ó sá lọ g6, h5, ilẹ̀ ti sú u. Báyìí tí wọ́n bá ti sún h4 òun náà á sún h5, kò ní ronú sí i, àmọ́ mo máa ń rí i tí ojú ẹ̀ máa ń le díẹ̀, bí ẹni tó kọjá níwájú ilé ajá tó bù ú jẹ rí.

Ohun tí mo gbádùn jù nínú bó ṣe ń ta ni ibi tó ti ń lọ́ra. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń lọ́ra! Ọjọ́ kan funfun ti kó ogun dé bá ọba ẹ̀, kúìnì ti wà nítòsí, ẹṣin ti gúnlẹ̀ sí g5, ìṣẹ́jú kan àti sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá ló kù ú kù. Mo retí kó bẹ̀rẹ̀ sí í já pátápátá bí ayé àtijọ́. Ó gbé fóònù lé orí itan, ó gbójú sókè, ó ń wo páànù. Mo ka sẹ́kọ́ńdì 31. Ó wá gbé kúìnì ẹ̀ lọ kojú kúìnì funfun, pé ká jọ jẹ ara wa. Pọ́ọ̀nù kan máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ níbẹ̀, ó mọ̀, ó fi sílẹ̀ ní sàráà. Wọ́n jẹ kúìnì tán, gbogbo ogun yẹn túká bí ọjà tí òjò ká mọ́, ó wá ku rúùkù àti ọba àti pọ́ọ̀nù, ìyẹn ibi tó ti ń sùn tó ti ń jí láti oṣù mẹ́ta. Kò tún ronú ju sẹ́kọ́ńdì méjì lọ títí géèmù fi parí. Nígbà tá a fún Stockfish tú, ó ní ìgbésẹ̀ mìíràn wà tó dáa ju fífi kúìnì jẹ kúìnì lọ. Àbúrò mi wò ó, ó ní ó rí i, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sún èyun gbọ́dọ̀ rí ìgbésẹ̀ mẹ́fà mìíràn láìṣì, òun ò ní aago ẹ̀. Ìyẹn ni mo pè ní àgbà. Kò wá èyí tó dáa jù, ó wá èyí tó lè gbé délé.

Àwọn kan ti fẹ̀sùn kàn án nínú chat pé ẹ̀rọ ló ń lò. Nígbà àkọ́kọ́ ó fẹ́ sunkún, ní báyìí á kàn fi ẹ̀rín ránṣẹ́ sí wọn.

Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, gbogbo wa la jọ ń jẹ ẹ́. Lichess máa ń dá díẹ̀ padà nínú àkókò tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá jẹ, àmọ́ tó bá dákú pátá kò sí ohun tó máa dá padà fún ẹ. Ó ti mọ ibi tó dáa nínú ṣọ́ọ̀bù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kọjú sí apá Òkè-Odò, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀ láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Gíláàsì fóònù ẹ̀ ti sán ní apá h1, ó ní ìdí tí òun kì í fi gbé rúùkù síbẹ̀ pẹ́ nìyẹn. Irọ́ ni.

Ẹni tó kọ́ ọ jù lọ, wọn ò pàdé rí: Daniel Naroditsky, ọmọ Amẹ́ríkà, Danya tí gbogbo ayé ń pè é. Tí dátà òru bá ti dé, àwọn fídíò tí ọkùnrin yẹn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn ọ̀pẹ tá á máa gòkè bọ̀, tá á máa sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ síta bó ṣe ń sún un, ló máa ń wò. Ó tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ síta bíi tiẹ̀, ní Yorùbá: "Ó fẹ́ wá síbí, kí ló fẹ́ wá ṣe síbí, áà, ẹṣin mi ló ń wò." Nígbà tí ìròyìn ikú ẹ̀ dé ní oṣù kẹwàá 2025, ẹni ọdún 29 péré, àbúrò mi ò ta géèmù kankan fún ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò bi í ní nǹkan kan.

Ti Tunde Onakoya ni àwọn oníbàárà mọ̀. Láti ìgbà tó ti ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 ní Times Square ní New York, oṣù kẹrin 2024, àwọn ìyá tó ń lé ọmọ wọn kúrò nídìí ṣẹ́ẹ̀sì tẹ́lẹ̀ ti ń bi mí bóyá àbúrò mi lè kọ́ ọmọ wọn. Mẹ́ta ló ń kọ́ báyìí ní ọjọ́ Sátidé. Endgame, ìyẹn ìparí géèmù tí ọmọ díẹ̀ ló kù lórí pátákó, ló fi ń bẹ̀rẹ̀ fún wọn, rúùkù kan àti ọba, wọn ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá, wọ́n fẹ́ fi kúìnì jẹ f7.

Rating ẹ̀ ti kọjá 2300. Kò tíì tán o, ó ṣì ní àléébù. Tí géèmù bá ṣí sílẹ̀ tí gbogbo nǹkan ń gbiná, ojú ẹ̀ máa ń dà, ó sì máa ń sáré wá ibi tí wọ́n ti lè jẹ kúìnì wọn, àwọn tó ti mọ̀ ọ́n ti ń kọ̀ fún un. Mo ní kó kúrò nídìí London fún oṣù kan kó lọ kọ́ nǹkan mìíràn, ó ní òun ń ronú sí i, ó ti ń ronú sí i láti Iléyá. Òfin kan ṣoṣo tó ní ni pé tó bá pàdánù méjì tẹ̀lé ara wọn, á gbé fóònù fún mi, màá fi sínú dúrọ́ọ̀. Ìgbà mìíràn á tọrọ ẹ̀. Mi ò kì í fún un.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá mo jẹ ẹ́. Mo ti ń dúró de kí n sọ èyí látìbẹ̀rẹ̀. Èmi àti ẹ̀, 3+2, ó wà ní hóstẹ́ẹ̀lì ọ̀rẹ́ ẹ̀, èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù, ìgbésẹ̀ 26, aago ẹ̀ kàn ń lọ, ń lọ, kò sún nǹkan kan, ó tán. Mo jáwé olúborí! Mo ya fọ́tò ojú fóònù, mo fi sórí WhatsApp ẹbí wa, àǹtí mi láti Ọ̀fà fi àdúrà ránṣẹ́, ẹnì kan fi ijó sí i. Wákàtí kan lẹ́yìn náà ló wọlé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ lọ́dọ̀ ẹ̀. Kò jiyàn. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú oríire." Ó wá fa àga, ó ṣí géèmù náà, ó fa á padà sí ìgbésẹ̀ 23, ó fi ìka kan pátákó, ó ní, "Ẹ wò ó, ẹṣin yín ti há níbí o, ẹ ò rí i ni?"

Mi ò rí i. Mi ò sì pa fọ́tò yẹn rẹ́.